Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ Ilé Àgùdà Bàbá Yín Di Tuntun Kó Tó Wó

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹbí ti fọwọ́ sí i, owó ti ti òkè òkun dé, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá bàbá yín fi sílẹ̀ ní Pópó Àgùdà ti bọ́ sí yín lọ́wọ́. Láti ayé Ọbabìnrin Victoria ni ilé náà ti wà lórí ìdúró. Ó rí ogun àgbáyé méjì, ó rí ìjọba ológun, òjò oṣù kẹfà Èkó ń lù ú lọ́dọọdún, kò wó. Ẹyọ ohun kan ló kù tí kò tíì rí: ẹ̀yin.

Ìdí tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn. Àwọn kan rò pé àìbìkítà ló ń pa ilé àtijọ́. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún, kí páànù rẹ̀ máa jò díẹ̀díẹ̀, kí ewúrẹ́ máa sùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, kó má sì lọ síbì kankan. Ohun tó ń pa á wéré ni ọmọ olówó tó fẹ́ràn rẹ̀, tó ń kánjú, tí kì í sì í béèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti ní ìfẹ́, owó àti ìkánjú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, irinṣẹ́ yín ti pé.

Ẹ má ṣe mọ nǹkan kan

Ìmọ̀ máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan bá jókòó tì yín, tó fẹ́ sọ ìtàn ilé fún yín, ẹ sọ fún un pé fóònù yín ń dún, kí ẹ dìde. Bí ẹ bá ṣì í ṣe tí ẹ jókòó, Bahia, ní Bùràsíìlì, ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yóò ní lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí dìde ọ̀tẹ̀ ní ìlú Salvador lọ́dún 1835, tí púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Yorùbá, ni ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lé àwọn èèyàn wa padà sí etíkun níbí, tí àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọkọ̀ bọ̀; àwọn la wá ń pè ní Àgùdà. Yóò ní iṣẹ́ ọwọ́ ni púpọ̀ nínú wọn gbé bọ̀ wálé: mọlémọlé wà níbẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà wà níbẹ̀, aránṣọ wà níbẹ̀. Yóò dárúkọ Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre tí wọ́n fi ọwọ́ wọn ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross. Yóò dárúkọ João Baptista da Costa tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, èyí tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894. Kò ní gbàgbé Balthazar dos Reis, káfíńtà tó fi oríṣiríṣi igi tẹ́ bátànì sí ojú tábìlì ribiti kan, tí wọ́n sì torí rẹ̀ fún un ní àmì ẹ̀yẹ onídẹ ní ìlú London lọ́dún 1886.

Ẹ rí ewu tó wà nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa tábìlì yẹn kò ní lè wo tábìlì jákujàku tó wà nínú yàrá ìyá àgbà kó kàn ní kí wọ́n gbé e fún akólẹ̀. Yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, yóò nu eruku ojú rẹ̀, yóò yọjú wo abẹ́ rẹ̀, yóò máa wo bí wọ́n ṣe so igi mọ́ igi láìkan ìṣó. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ti bọ́ nìyẹn.

Ẹ má sì ya fọ́tò kankan. Àwọn aláṣejù kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí wọn a máa ya àwòrán igun yàrá gbogbo, wọn a wọn gíga ilẹ̀kùn, wọn a fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn pákó kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n lè mọ ibi tí yóò padà sí. Ẹ̀yin kò ní ohunkóhun tí ẹ ó dá padà. Kí ni nọ́ńbà fẹ́ ṣe fún yín?

Sìmẹ́ǹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà

Bí ó bá jẹ́ pé ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni ẹ máa gbà nínú gbogbo èyí tí mo ń sọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti sìmẹ́ǹtì. Òun nìkan lè dá iṣẹ́ náà parí, kódà bí ẹ bá padà sí òkè òkun lọ́la.

Ògiri irú ilé yìí nípọn. Amọ̀ ni ti ọ̀pọ̀ nínú wọn, bíríkì sísun ni ti àwọn mìíràn. Ẹfun ìkarahun ni àwọn baba fi ń rẹ́ ẹ. Wọn a ṣa ìkarahun inú ọ̀sà jọ, wọn a sun ún títí yóò fi rọ̀, wọn a da omi sí i, yóò hó yaya, wọn a jẹ́ kó sinmi, wọn a wá pò ó mọ́ yanrìn. Iṣẹ́ sùúrù ni. Kì í tètè gbẹ, kì í sì í le tó sìmẹ́ǹtì. Ibi tí kò ti le yẹn ni ọgbọ́n rẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tí a kò fi fẹ́ ẹ.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa bà jẹ́. Ilẹ̀ Èkó kún fún omi, ọ̀sà kò jìnnà. Omi náà máa ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nítorí àwọn tó mọ ilé nígbà náà kò tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ògiri bí a ti ń ṣe lónìí. Bí òjò bá rọ̀, ògiri mu omi. Bí ọyẹ́ bá dé, ó tu omi náà jáde gba ojú ẹfun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ. Ọdọọdún ló ń mu, ọdọọdún ló ń tu, ara rẹ̀ le. Ìgbà tí ẹ bá wá fi sìmẹ́ǹtì bò ó nínú àti lóde, omi á wọlé láti ìsàlẹ̀, kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n wọ aṣọ òjò fún ẹni tó fẹ́ sùn nínú oru. Amọ̀ tó ti gbẹ fún ọgọ́rùn-ún ọdún yóò padà di ẹrẹ̀ nínú ògiri, láìsí ẹni tó rí i. Iyọ̀ inú omi náà yóò kóra jọ sẹ́yìn sìmẹ́ǹtì, yóò máa tì í síta. Bí ẹ bá tiẹ̀ wá ra yanrìn etí òkun torí pé kò wọ́n, iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, ẹ ti dín iṣẹ́ kù fún omi.

Ohun tó dára jù lọ nípa ọ̀nà yìí ni pé ọdún àkọ́kọ́ máa ń dùn. Ògiri á dán, igun á gún régé, ẹbí á wá ya fọ́tò níwájú rẹ̀, agbaṣẹ́ṣe á gba ìyókù owó rẹ̀. Òjò kejì ni ojú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí wú. Ẹ fi ìka kàn án, ẹ ó gbọ́ pé inú rẹ̀ ti ṣófo. Láìpẹ́ àwẹ́ ńlá kan á já bọ́, á sì fa amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ pe agbaṣẹ́ṣe padà. Yóò wò ó, yóò mi orí, yóò ní, “Ọ̀gá, amọ̀ yẹn ni ò dáa. Sìmẹ́ǹtì tá a lò ló kéré. Ẹ jẹ́ ká fi kún un.” Ẹ fi kún un.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ bi í ni ibi tí omi ti ń wá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí, tí ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í dùn létí olówó, kì í fọwọ́ kan ògiri kí wọ́n tó gun òrùlé. Wọn a wá ihò páànù tó wà ní ọ̀kánkán orí ògiri. Wọn a wo gọ́tà tí ewé dí. Wọn a wo ojú títì tí wọ́n ti tún ṣe títí tó fi ga ju ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín lọ, tí àgbàrá fi ń wọlé kí i yín ní àárọ̀. Wọ́n lè lo odidi ọdún kan lórí omi nìkan, láìtíì kun yàrá kan. Kí ni ẹ fẹ́ fi hàn àwọn èèyàn lórí Instagram ní gbogbo ìgbà yẹn? Ẹnikẹ́ni kì í kan sáárá sí gọ́tà.

Pálọ̀ ìgbàlódé

Ẹni tó kọ́ ilé yín kò retí NEPA. Ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó, bóyá ilé náà ti wà ṣáájú ìgbà yẹn, nítorí náà atẹ́gùn nìkan ló gbójú lé. Ọ̀nà tóóró kan ti ẹnu ilẹ̀kùn iwájú gba àárín ilé lọ dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá dojú kọ yàrá lọ́tùn-ún lósì, pálọ̀ ńlá wà lókè níwájú tó kọjú sí títì. Atẹ́gùn ọ̀sà ń gba ẹnu kan wọlé, ó ń gba ìkejì jáde. Orí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé alábẹ̀bẹ̀ kékeré, òmíràn ní dígí pupa àti àwọ̀ ewé, kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá bí wọ́n tiẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa. Àjà ga fíofío kí ooru lè rí ibi gbà sí lókè orí èèyàn. Fèrèsé onípákó ní ojú wẹ́wẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, tó ń lé oòrùn dànù.

Gbogbo rẹ̀ pátá ni ẹ máa dí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ fi Pí-Ó-Pì mú àjà wálẹ̀ tó ẹsẹ̀ méjì, kí ẹ sì tẹ́ iná aláwọ̀ búlúù yí etí rẹ̀ ká bí wọ́n ti ń ṣe é ní gbọ̀ngàn àríyá. Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sí ẹwà nìkan. Bí páànù bá ń jò, Pí-Ó-Pì kò ní jẹ́ kí ẹ rí i. Omi á máa rin igi àjà lókè níbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ikán á rí ọ̀nà, ẹ̀yin á sì máa sùn dáadáa. Igi kan náà tí ikán wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ gbé ṣàńdẹ́líà kọ́, èyí tó wúwo jù tí ẹ bá rí ní ọjà Orílé. Tó bá já wálẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé ikán ti parí iṣẹ́.

Ẹ yọ fèrèsé onípákó dànù, ẹ fi aluminium tí a ń tì gba ẹ̀gbẹ́ sí i. Ìdajì rẹ̀ nìkan ló ń ṣí, ẹ ó sì sanwó odidi. Ìgbà yìí ni ilé yóò wá gbóná gan-an, tí ẹ̀rọ amúlétutù yóò wá di dandan ní yàrá kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ó fi nílò jẹnẹrétọ̀ ńlá, tí ẹ ó gbé e sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n ọ́n.

Ní ti ògiri inú ilé, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ kí pálọ̀, yàrá ìjẹun àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ di ọ̀kan, kí ojú lè ríran láti ìta dé kíṣìnì. Ọmọlanke kan àti òòlù ńlá méjì ti tó. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ àwọn igi tó gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró wà lórí àwọn ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Àmọ́ ẹ má béèrè ohun tí ògiri gbé rù. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé e, ó tó àkókò kó sinmi.

Ilẹ̀ òkè jẹ́ pákó. Bí bàbá bàbá yín bá rí owó ná sí i, ìrókò ni, ikán kì í sì í tètè fẹnu kàn án. Pákó máa ń wú nígbà òjò, ó máa ń sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ da kọnkéré lé e lórí, ẹ tẹ́ táìsì tó ń dán sí i. Táìsì kì í wú, kì í sún kì, nítorí náà yóò là ní àárín, ẹ ó rọ́nà bínú sí ẹni tó tẹ́ ẹ.

Balùwẹ̀ wá kù. Àwọn baba gbé ilé ìdáná àti ibi ìwẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni àwọn ìyá ti máa ń ro ìkòkò fìrẹ́jọ́ọ̀nù ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n sì fi omi àgbọn sè, tí òórùn rẹ̀ ń gba gbogbo àdúgbò Kámpọ́ọ̀sì kan (ó wù mí kí n máa bá ọ̀rọ̀ fìrẹ́jọ́ọ̀nù lọ, ẹja díndín àti ọbẹ̀ ata ló ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń dúró). Ọgbọ́n wọn ni pé omi àti iná kò gbọdọ̀ gbé lórí pákó. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ fi balùwẹ̀ sí yàrá kọ̀ọ̀kan lókè, ní ọ̀kánkán òdòdó ẹfun tí wọ́n fọwọ́ mọ sí àjà pálọ̀ ìsàlẹ̀. Páìpù èyí tó rọjú jù ni kí wọ́n lò. Ẹ gbẹ́ ògiri amọ̀ gba ọ̀nà fún un, ẹ tún gbẹ́ ẹ gba ọ̀nà fún wáyà iná, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà méjèèjì pàdé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà

Níbòmíràn, ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọ̀ tí yàrá ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ a máa mú abẹ wẹ́wẹ́ àti dígí amúǹkan-tóbi, yóò họ ojú ibi tí kò ju èékánná lọ, ní ìpele ìpele. Yóò rí àwọ̀ funfun tí wọ́n kùn lánàá, yóò rí àwọ̀ ọ̀sán tí ìyá kan kùn ní àsìkò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, yóò rí búlúù, yóò máa lọ títí yóò fi kan ẹfun. Gbogbo ìtàn ilé náà wà lórí ilẹ̀ tó tó èékánná. Ẹ̀yin, ẹ gbé ẹ̀rọ olóòyì tó ní sáńpépà lẹ́nu, kí wọ́n fi yọ gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sán kan.

Níbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀fẹ̀ kalẹ̀ ná. Ọ̀dà àtijọ́ púpọ̀ ló ní òjé nínú. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ha á ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ á bo gbogbo ilé, ọmọ kékeré tó bá fọwọ́ kàn án tó sì fi ọwọ́ sẹ́nu, ọpọlọ rẹ̀ ni yóò fara gbá a, kò sì sí oògùn tó ń dá ìyẹn padà. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á. Kí àwọn òṣìṣẹ́ bo imú dáadáa. Kí ọmọdé àti aboyún má sùn nínú ilé náà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ó tán.

Ẹ jẹ́ ká padà sí wèrè wa. Funfun, eérú àti wúrà ni àwọ̀ tó wà lóde báyìí. Ọ̀dà olóròóró tó ń dán ni kí ẹ lò, nítorí bí ihò kan bá ṣẹ́ kù tí ògiri ṣì ń gba ibẹ̀ mí, òun ló máa dí i. Òdòdó, èso àjàrà àti ẹyẹ tí mọlémọlé fi ọwọ́ ya sí orí òpó, ẹ fi wúrà kùn wọ́n lóríṣiríṣi ìgbà títí ẹyẹ kò fi ní ní ẹnu mọ́.

Ẹ̀bùn tí ẹbí fún wa

Kò sí ohun tó ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ tó ilé ẹbí. Ẹni tó kọ́ ilé ní ìyàwó, ìyàwó bí ọmọ, ọmọ bí ọmọ. Dáwódù ni olórí lórí ìwé. Àwọn kan ní ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in, àwọn kan ní orí-ó-jorí, ẹjọ́ ti wà ní kóòtù kí ẹ tó wọ iléèwé. Nínú àlàáfíà tó tẹ̀ lé e, ojúlé kọ̀ọ̀kan ti di ti ẹ̀ka kan. Ẹ̀ka kìíní tẹ́ táìsì sí tirẹ̀. Ẹ̀ka kejì lẹ bébà olódòdó mọ́ ògiri. Ẹ̀ka kẹta háyà tirẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú báálù aṣọ sí. Ẹni tó wà ní Peckham ní London ti tirẹ̀ pa, kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ẹ bi wọ́n pé ti ta ni òrùlé. Ẹ ó rí i bí gbogbo wọn á ṣe máa wo fóònù. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ní òun kò gbé òkè. Ẹni tó wà lókè ní òjò kì í jò sí yàrá tòun, ti àbúrò òun ló ń jò. Àtẹ̀gùn kò ní olówó, ọwọ́ àtẹ̀gùn tí ó jẹ́ igi gbígbẹ́ ti dín ní mẹ́rin, ìdáná ti kó wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ohun tí kò ní olówó yìí, òrùlé, gọ́tà, àtẹ̀gùn, igi àjà, gan-an ni ilé. Ìyókù, àwọ̀ lásán ni. Mo ti rí ẹbí tó dá owó aṣọ ẹbí fún ayẹyẹ ìṣílé kí ẹnikẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ fún páànù, aṣọ náà sì rẹwà púpọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì rántí àwọn ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn àtijọ́ tó nípọn, tó ní iṣẹ́ ọnà lójú, ni àwọn kan ń wá kiri. Owó tí wọ́n máa fún yín yóò tó ra ilẹ̀kùn irin kan láti Ṣáínà, èyí tó ní àwòrán ilẹ̀kùn onígi lójú.

Ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ dé

Ẹ má rìn gba ọgbà Rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta kọjá. Ilé Jaekel wà níbẹ̀, ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún ṣe, tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré báyìí. Pákó ilẹ̀ rẹ̀ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó lè mú yín ronú. Ẹ má dé Àgbádárìgì náà, nítorí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n parí ní 1845 ṣì wà níbẹ̀ lójú ọ̀sà, ó ń ṣe àwọn ilé ọdún 1995 ní ẹ̀sín.

Ní òpópónà Kakawa, Ilé Omi wà, èyí tí ìdílé da Rocha kọ́. João Esan da Rocha tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì ní kékeré padà dé, ìdílé rẹ̀ ní kànga sí àgbàlá ilé náà, wọ́n sì ń ta omi mímu fún ará Èkó. Antonio Olinto, ọmọ Bùràsíìlì, fi orúkọ ilé náà sọ ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1969. Bí ẹ bá kọjá níbẹ̀, ẹ ṣe bí ẹni tí oòrùn ń wọ̀ lójú. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé a lè gbé ilé sí orí omi, kí a sì fi omi náà ṣe owó, kò ní lè bọ̀ wálé wá máa fi sìmẹ́ǹtì dí omi mọ́nú ògiri.

Bí a ṣe ń parí rẹ̀

Nígbà tó bá di òjò kẹta, ilé náà yóò ti ṣe tán láti gba ìmọ̀ràn ìkẹyìn. Ògiri á ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ilẹ̀ balùwẹ̀ á ti rọ̀, agbaṣẹ́ṣe á wá sọ gbólóhùn tí ó ti ń dúró láti sọ láti ọjọ́ kìíní: “Ọ̀gá, ilé yìí ò ṣeé tún ṣe. Ẹ jẹ́ ká kọ́ tuntun.” Ẹ ó gbà pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn tó mọ́, nítorí ẹ ti náwó, ẹ ti gbìyànjú, ìwé rísíìtì wà lọ́wọ́ yín.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òfin kò gbà, ẹ má jáyà. Casa do Fernandez, èyí tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Ìlójo Bar, wà ní Tinúbú láti nǹkan bí ọdún 1855. Wọ́n kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba fún ọgọ́ta ọdún gbáko. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ kejì rẹ̀ sì ni ọdún Iléyá.

Nítorí náà, ẹ wo kàlẹ́ńdà dáadáa. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọdún ló dára, nítorí ọ́fíìsì ìjọba kò ní ṣí, àwọn oníròyìn á wà ní ìlú wọn, àwọn aládùúgbò á sì máa wá àgbò tí owó rẹ̀ ṣì rọjú. Ẹ tètè háyà katakata tó máa wó ilé náà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, torí owó rẹ̀ máa ń lé sókè lásìkò ọdún.